Imú Ìyá Oníbúrẹ́dì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó sọ Ìyá Oníbúrẹ́dì di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń wárí fún, ẹ má lọ bi àwọn tó ń kọ́ni nípa òwò. Wọ́n á ní ìforítì ni, wọ́n á ní ìgboyà ni, wọ́n á máa ka ìwà rere lórí ìka títí ìka á fi tán. Ọkọ obìnrin náà, tí wọ́n ti jọ ń gbé láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú, kò ní fi àkókò yín ṣòfò tó bẹ́ẹ̀. Imú ni, yóò wí. Imú rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Imú rẹ̀ kì í tàn án jẹ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í tan oníbàárà jẹ.

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyẹ̀fun, yóò wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, yóò ṣí aṣọ lórí ìkòkò ìwúkàrà, yóò tẹrí ba lé e, yóò sì fa èémí sínú. Ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ bóyá ìyẹ̀fun òní á fẹ́ omi sí i, bóyá kí wọ́n ṣe sùúrù kí oòrùn mú díẹ̀ kí wọ́n tó pò ó. Bí búrẹ́dì bá jáde nínú ààrò, á tún mú ọ̀kan, á bù ú sí méjì, á ki imú bọ àárín rẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, á sì kọjú sí àwọn tó ti tò: "Tòní ò dáa. Ẹ lọ bá ẹni tó wà lódìkejì, tirẹ̀ sàn ju tèmi lọ lónìí." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á rò pé orí rẹ̀ ò pé. Ṣùgbọ́n àwọn tó lọ sódìkejì lónìí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni wọ́n ń padà, wọ́n á sì fa aládùúgbò wọn lọ́wọ́ dání, torí wọ́n ti mọ̀ pé ọjọ́ tí obìnrin yẹn bá ní búrẹ́dì òun dáa, kò sí àríyànjiyàn.

Ìkòkò ìwúkàrà yẹn, orúkọ ló ní. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Ìyá tó bí Ìyá Oníbúrẹ́dì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ìyẹ̀fun àti omi lásán tí wọ́n fi sílẹ̀ kó kan, tí wọ́n sì ń bọ́ lójoojúmọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n á bù nínú rẹ̀ fi wú búrẹ́dì òní, wọ́n á fi ìyẹ̀fun àti omi tuntun rọ́pò ohun tí wọ́n bù, bẹ́ẹ̀ ni kò fi tán láti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ìwúkàrà inú páálí wà lọ́jà o, àwọn tó kù ń lò ó, búrẹ́dì tiwọn náà sì ń wú. Àmọ́ òórùn búrẹ́dì Ìyá Àgbà, èyí tó máa ń mú kí ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ lójú títì ṣàdédé yà wọlé, ìyẹn ò sí nínú páálí. Wọ́n á ní Ìyá Àgbà ò tíì jẹun, wọ́n á ní òtútù mú Ìyá Àgbà lónìí, inú ń bí i, àlejò tí kò mọ̀ á sì máa wo ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn bóyá kí òun tiẹ̀ wọlé lọ kí arúgbó náà.

Ọkọ ńkọ́? Ó-Máa-Dáa ni ayé ń pe òun, ẹ má sì rò pé wọ́n ń pọ́n ọn lé. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, àga ló ń tún ṣe, ó ń rán aṣọ tuntun bò wọ́n. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ohun tí kò ní ni ẹnu tó lè sọ pé rárá. Bí o bá gbé àga wá lónìí, tí o ní o fẹ́ ẹ lọ́la, á ní ó máa dáa. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ náà fẹ́ tirẹ̀ lọ́la, á ní ó máa dáa fún ìyẹn náà. Bí aṣọ tí ẹnìkan mú wá ò bá tó, tí gbogbo ayé rí i pé kò tó, ojú á ti Ó-Máa-Dáa láti sọ ọ́, á gé e bẹ́ẹ̀, á rán an bẹ́ẹ̀, àga á wá wọṣọ níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà níhòòhò. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ló tú àwọn oníbàárà rẹ̀ ká. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù náà kú, ìyàwó rẹ̀ ò bú u, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó ń gbé búrẹ́dì kiri, ó ní kí òun máa sọ̀rọ̀, kí ọkọ òun máa wa mọ́tò. Ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀, ó ń lọ dáadáa, inú ọkùnrin náà dùn sí i, kò sì fi bò.

Àfi ìgbà tí àìsàn dé. Ibà àti ọ̀fìnkìn ni, irú èyí tó ń mú tọmọdé tàgbà lásìkò náà. Ìyá Oníbúrẹ́dì dùbúlẹ̀, àwọn obìnrin méjì tó ń bá a pò ìyẹ̀fun ló wá ń bọ́ Ìyá Àgbà, nígbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Nígbà tó dìde, ara rẹ̀ le, ó jẹun, ó rẹ́rìn-ín, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó lọ rí dókítà lẹ́yìn náà, òun nìkan ló sì lọ. Nígbà tó dé, ó ní dókítà sọ pé kò sí nǹkan kan, ọkọ rẹ̀ sì gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó jókòó nílé ìdáná, ó kọjú sí fèrèsé, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ kan, ó sì ń kọrin lábẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ ń wọlé bọ̀ láti ìta. Ẹnu ọ̀nà ni èéfín ti pàdé rẹ̀: aṣọ tí wọ́n fi ń di ìkòkò gbígbóná mú ti kan iná, ó ti jó dé ìdajì, lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ gan-an. Obìnrin yìí ò tiẹ̀ yíjú. Obìnrin tó jẹ́ pé lórí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń mọ̀ pé búrẹ́dì ti jinná nínú ààrò, ó jókòó sínú èéfín, ó ń kọrin. Ọkọ da omi sí aṣọ náà, ó ní atẹ́gùn ló gbé e síná. Ìyàwó ní atẹ́gùn ni lóòótọ́. Wọ́n wo ara wọn, ìyàwó sì padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí ti mọ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń dùn ún jù ni pé ìyàwó rẹ̀ ò fi ìṣe rẹ̀ sílẹ̀. Láràárọ̀ ó ṣì ń tẹrí ba lé ìkòkò, ó ṣì ń fa èémí, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan, á ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ìyá Àgbà ò gbádùn. Bóyá ìdọ̀tí ló kó sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ́ ọ ní ìbọ́kúbọ̀ọ́ lákòókò àìsàn yẹn, bóyá omi ni, kò sẹ́ni tó lè sọ. Ó ń wú o, ó ń hó, lójú kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Òórùn rẹ̀ ló ń yí padà díẹ̀díẹ̀, tó fi wá dà bí àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Àwọn obìnrin méjèèjì tó ń pò ó ti gbọ́ òórùn náà kí ọkọ tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ló máa sọ. Kí àìsàn tó dé, ọ̀kan nínú wọn ti sọ ọ́ rí pé ó jọ pé ìyẹ̀fun ọjọ́ náà kan jù, Ìyá Oníbúrẹ́dì sì bi í níwájú gbogbo èrò pé imú ta ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì nínú ilé yìí. Láti ìgbà yẹn, bí òrùlé ń jó, ojú rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò ná. Ẹ ò rí nǹkan bí? Ohun tó gbé obìnrin náà dé ibi gíga, pé òun nìkan ló ń gbọ́, pé òun nìkan ló ń pàṣẹ, ohun kan náà ló wá sọ ọ́ di ẹni tó dá wà.

Àwọn oníbàárà náà ò sọ ọ́ fún un. Wọ́n ti fọkàn sí i pé bí búrẹ́dì rẹ̀ bá bàjẹ́, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ pariwo rẹ̀. Àwọn mìíràn tiẹ̀ rò pé ẹnu àwọn ni kò dá. Ọkọ tó ń gbé e kiri ni wọ́n ń ro ẹjọ́ fún. Alásè ilé ìwé kan, obìnrin oníwà-pẹ̀lẹ́ tó ti ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn tipẹ́ débi pé àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ti dàgbà di olórí ilé, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé nǹkan kan ń ṣe búrẹ́dì yìí, àwọn ọmọ ń jẹ èèpo, wọ́n ń fi inú sílẹ̀. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó máa dáa. Ó tún sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí alásè tún pè é. Nígbà tó yá, bó bá ti já búrẹ́dì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé náà, ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni, á ti wà nínú mọ́tò.

Ẹ má rò pé kò gbìyànjú. Nínú mọ́tò, bó ṣe ń padà bọ̀ nílé, ó máa ń to ọ̀rọ̀ náà: ìyá ọmọ mi, mo fẹ́ sọ nǹkan kan, má bínú. Nínú mọ́tò, ọ̀rọ̀ náà á tò, á dùn ún gbọ́ létí. Bó bá wá wọlé, tó rí i tó gbájá mọ́dìí, tí fúláwà kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́, gbogbo rẹ̀ á di omi lẹ́nu rẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Pé imú tó fi kọ́lé, tó fi tọ́ ọmọ, tó fi gba ọkọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kú mọ́ra, imú náà ti kú? Bó bá sì sọ ọ́ tán, oògùn wo ló fẹ́ fún un? Ó ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sí ìfẹ́. Bóyá ìfẹ́ ni, bóyá àga aláṣọ-iwájú yẹn náà ló tún ń rán.

Ẹgbẹ́ kan wà tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀. Olùkọ́ wọn, ọkùnrin kan tó níwà tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, gbọ́ nípa Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó sì wá bẹ̀ ẹ́ pé kó gba àwọn ọ̀dọ́ náà láyè láti wá wo bó ṣe ń ṣe é, kó sì bá wọn sọ̀rọ̀ nípa àṣà tó gbé e dé ibi tó wà. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó rán aṣọ tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ọkọ rẹ̀ ń nu mọ́tò lọ́wọ́ nígbà tó pè é wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó wọlé tán, ìyàwó rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Yàrá kékeré ni: àga kan, pẹpẹ kan, tábìlì tí ìkòkò wà lórí rẹ̀. Obìnrin náà ti wọ aṣọ tuntun, kò tíì wé gèlè. Agolo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú pinpin mọ́ àyà.

"Bàbá ọmọ mi," ó ní, "imú mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Láti ìgbà tí mo ti ṣàìsàn yẹn ni. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè má padà."

Ọkọ la ẹnu pé òun ti mọ̀. Ìyàwó gbọ́wọ́ sókè, torí bí wọ́n bá dá a dúró, bóyá ni yóò lè tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ wéréwéré. Ó ní òun ti ń díbọ́n látọjọ́ yìí, ojú ń ti òun. Ó ní àwọn ọmọ tó ń bọ̀ yìí máa béèrè àṣírí òun, òun ò sì lè dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ kí òun máa fi irọ́ kọ́ wọn. Ó gbé agolo náà sókè. Ìyá Àgbà ni ó wà níbẹ̀, ó ní, gbígbẹ. Òun tẹ́ ẹ sórí páànù, òun sá a gbẹ, òun lọ̀ ọ́ kí òun tó ṣàìsàn rárá, nígbà tí imú òun ṣì jẹ́ imú. Bó bá fojú kan omi àti ìyẹ̀fun, á jí. Nítorí náà, bí ti inú ìkòkò bá ti bàjẹ́, òun á dà á nù báyìí báyìí, òun á sọ fún àwọn àlejò pé kò sí búrẹ́dì lónìí, òun á fi ti inú agolo bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò le rárá, òun ti fi ohun tó kéré sí i bẹ̀rẹ̀ rí.

"Ohun kan ṣoṣo tí n ò lè ṣe ni kí n mọ̀," ó ní. "Ẹ bá mi gbọ́ òórùn rẹ̀."

Ọkùnrin náà ṣí aṣọ, ó tẹrí ba. Òórùn náà gbá a nímú tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ ṣomi. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ ò pọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ti bá a tún ọ̀nà ṣe, ó ti sọ ohun tí òun máa ṣe bó bá burú, ohun tó kù kò ju kó sọ pé ó ti bàjẹ́. Ó gbórí sókè. Ó rí i tí obìnrin náà ń wo ẹnu rẹ̀ bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò. Mọ́tò fọn fèrè níta, ohùn àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ àgbàlá. Ọkùnrin náà wo aṣọ tuntun. Ó rò ó pé kí àwọn àlejò kọ́kọ́ lọ ná, bó bá di ìrọ̀lẹ́ òun á jókòó tì í, òun á sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó dáa," ó ní. "Bó ṣe máa ń rí náà ló rí."

"Ẹ tún un gbọ́."

Ó tún tẹrí ba. "Ó dáa, ìyá ọmọ mi."

Obìnrin náà jókòó gbọ̀ọ́ sórí àga. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sunkún, ó wá ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ó ní òun ti ń kú lọ látọjọ́ yìí, òun kàn ń rìn ni. Ó ní láti òní lọ, ọkọ òun ni imú òun, láràárọ̀ ni wọ́n á jọ máa wọ yàrá yìí. Ó wé gèlè rẹ̀ láìwo dígí, ó gbé agolo, ó jáde sí àwọn àlejò.

Olùkọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ẹni tó ń tètè jí, ẹni tí kì í tètè rẹ̀, ẹni tó ń mú ìlérí ṣẹ, gbogbo rẹ̀ sì jóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde. Ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí. Ó sọ fún wọn pé imú ni òun fi ṣòwò, àti pé imú náà ti lọ. Àwọn obìnrin méjèèjì tó ń pò ìyẹ̀fun wo ara wọn. Ó ní òun pa á mọ́ra fún ìgbà pípẹ́ torí òun rò pé bí òun bá sọ ọ́, òwò òun tán nìyẹn, àṣé ìgbéraga lásán ni.

"Láàárọ̀ yìí ni mo bi ọkọ mi," ó ní, ó sì nawọ́ sí i níbi tó dúró sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé èyí. Ẹ wá ẹnìkan tí ẹ lè bi, tí kò ní parọ́ fún yín."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin náà. Olùkọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó-Máa-Dáa rẹ́rìn-ín, kí ló tún lè ṣe? 

Ayọ̀ ló wá mú obìnrin náà ṣe èyí tó kù. Ó ṣí agolo, ó ní Ìyá Àgbà ò gbọdọ̀ mọ sínú ilé kan ṣoṣo, ó sì ń fi ṣíbí bù ú sínú bébà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa jí i. Ọkọ rẹ̀ rí ìsàlẹ̀ agolo tó ń yọ. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ olùkọ́, ó sún mọ́ ọn, ó bi í ní ohùn kékeré pé ṣé kò yẹ kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀.

"Kí la fẹ́ fi ṣe?" obìnrin náà ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó dáa."

Ó gbọn èyí tó kù sínú bébà ẹni tó kẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tó wọ awò ojú. Lẹ́yìn náà wọ́n pín búrẹ́dì. Àwọn ọ̀dọ́ náà jẹ ẹ́, ọmọ tí a kọ́ dáadáa ni wọ́n, wọ́n gbé e mì, wọ́n dúpẹ́. Ọmọbìnrin awò ojú bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ dúró. Ó wo Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń yọ̀, ó wá gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀ tààrà. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ wolẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ tó ní òun máa sọ ọ́ dé, kò sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ọ̀rọ̀ tó wúwo láti sọ nígbà tí agolo wà, báwo ló ṣe fẹ́ fúyẹ́ nígbà tí agolo ti ṣófo? Irọ́ kan náà ló wá ń pa láràárọ̀. Ìyàwó á ṣí aṣọ, ọkọ á tẹrí ba, á ní ó dáa, ìyàwó á ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìlà tó máa ń tò níwájú ṣọ́ọ̀bù ń kúrú sí i. Ìyá Oníbúrẹ́dì rí i, kò sì káwọ́ gbera. Gbogbo ìwà tí olùkọ́ kà lọ́jọ́ yẹn pátá ló gbé wọ̀ bí aṣọ. Ó ń jí ṣáájú ti tẹ́lẹ̀, ó pààrọ̀ fúláwà, ó fi wàrà kún un, ó kun iwájú ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀dà, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá lọ sódìkejì. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì náà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó jókòó sórí àpò fúláwà, ó ní òun ò mọ ibi tí òun ti ṣì í. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Àánú rẹ̀ ṣe é débi tí kò fi rí ọ̀rọ̀ kankan sọ.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ọ̀dọ́ náà kiri. Bó bá ti já búrẹ́dì tán, á máa wa mọ́tò káàkiri. Ọ̀kan ní ìyá òun rò pé ìdọ̀tí ló wà nínú bébà náà, ó ti dà á sínú ààtàn. Ọ̀kan ní òun jí i, ó jí, àmọ́ òun gbàgbé rẹ̀ títí ó fi hu. Ẹlòmíràn ti yà sídìí títa fóònù, kò tiẹ̀ rántí bébà kankan. Nígbà tó yá, ó dúró ní ìkòríta kan tó jìnnà sílé, ó ń dúró kí ọ̀nà là, òórùn kan sì gba ojú fèrèsé mọ́tò wọlé. Ó mọ̀ ọ́n kó tó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Omi bọ́ lójú rẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè mọ́ ọn.

Yàrá kan ni, tábìlì kan, ààrò kékeré kan, àwọn èèyàn díẹ̀ tí wọ́n tò síta. Ọmọbìnrin awò ojú ló wà nídìí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sún àpótí fún un kó jókòó. Ọkùnrin náà ò tíì ṣàlàyé dé ibì kan tí ọmọbìnrin náà ti na ọwọ́ sí abọ́ kan, tó bu nínú ìwúkàrà tirẹ̀ sí i, tó sì fi ọmọrí dé e.

"Mo rí ojú yín lọ́jọ́ yẹn, sà," ó ní. "Mo rò pé ẹ máa sọ fún Màmá tá a bá ti lọ tán ni."

Ọkùnrin náà gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò sì tẹnu mọ́ ọn. Ó ní kó bá òun kí Màmá púpọ̀, kó sọ fún wọn pé òun ti rí ẹni tí òun ń bi. Ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ni, onínú-fùfù, kò sí ohun tí òun ṣe tó tẹ́ ẹ lọ́rùn rí, ó sì ń wúlò gan-an.

Ọkùnrin náà gbé abọ́ náà sórí àga iwájú, ó fi bẹ́líìtì mọ́tò dè é bí èrò. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Lọ́tẹ̀ yìí kò to ọ̀rọ̀ kankan. Òun á kàn kúnlẹ̀, òun á sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, kí ó ṣe òun bó ṣe wù ú. Bó bá fẹ́ lé òun jáde, kó lé òun jáde, ṣùgbọ́n búrẹ́dì á padà.

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní dídé sí ìdajì nígbà tó dé. Obìnrin tó kù nídìí iṣẹ́ jókòó síta, ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní alásè ilé ìwé wá. Ó ní alásè náà fúnra rẹ̀ ló gbé gbogbo búrẹ́dì òwúrọ̀ padà wá, ó ń sunkún bó ṣe ń sọ pé kò ṣeé jẹ mọ́, ó di Màmá mọ́ra, ó ní bó bá jẹ́ ẹlòmíràn òun ì bá ti jáwọ́ tipẹ́. Obìnrin náà wò ó lójú.

"Wọ́n ní àwọn ti sọ fún yín títí, Bàbá."

Ààrò ti tutù. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ìkòkò wà lórí tábìlì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ọwọ́ náà mọ́, kò sí fúláwà lára rẹ̀. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú abọ́. Ó sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí aṣọ jó lẹ́yìn rẹ̀ títí dé ìkòríta, kò bu iyọ̀ sí i, kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Ó ní Ìyá Àgbà nìyí, ojúlówó, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán, àwọn lè bẹ̀rẹ̀ lónìí olónìí.

Ìyàwó rẹ̀ ò pariwo. Ó béèrè bóyá ọmọbìnrin náà ń rí oníbàárà. Ọkọ ní ó ń rí. Ìyàwó ní ìyẹn dùn mọ́ òun nínú. Ó wá na ọwọ́, ó ṣí ọmọrí abọ́, ó tẹrí ba lé e gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó fa èémí sínú, ó sì dúró. Nígbà tó gbórí sókè, kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀.

"Bí èyí náà bá bàjẹ́ ńkọ́?" ó ní. "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

"Màá máa bá ọ gbọ́ ọ," ọkọ rẹ̀ ní. "Láràárọ̀. Mo búra."

Obìnrin náà wò ó pẹ́. Ìbínú ò sí nínú ìwò náà, ì bá sì ti tẹ́ ọkùnrin náà lọ́rùn kí ìbínú wà níbẹ̀. Ó dé abọ́ náà padà, ó rọra fi ọwọ́ tì í sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e wá.

"Mo ti bi yín rí," ó ní.

Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó jáde sínú ilé. Ọkùnrin náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé abọ́ dání, kò sì mọ ibi tí òun máa gbé e kalẹ̀ sí.